Igi Tó Yè Ni Wọ́n Ń Kà: Ìtàn Àwọn Obìnrin Tó Gbin Igbó Kẹ́ńyà Padà

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ojú ọ̀nà ni Wangari Maathai wà ní agbègbè Nyeri, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n pè é láti Norway pé òun ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà dá lọ́lá lọ́dún náà. Obìnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò gba ẹ̀bùn yẹn ni. Kò wá ibi àsè lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọmọ igi kan, ó kúnlẹ̀ nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, ó sì gbìn ín síbi tí ènìyàn ti lè rí Òkè Kẹ́ńyà lọ́ọ̀ọ́kán.

Àwọn kan béèrè nígbà náà pé kí ló pa igi gbígbìn àti àlàáfíà pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí Maathai, ó sì ti kọjá Kẹ́ńyà lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ta ló ni igi, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àwọn tó wá gbìn ín bá ti wọkọ̀ padà sílé?

Abúlé Ihithe, ní agbègbè Nyeri yìí kan náà, ni wọ́n bí Maathai sí lọ́jọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1940, nínú ẹ̀yà Kikuyu. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan, èyí tí àwọn Kikuyu ń pè ní mugumo, wà nítòsí ilé wọn, ìsun omi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí Wangari ti máa ń pọnmi nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣa igi ìdáná lábẹ́ rẹ̀: igi Ọlọ́run ni. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ tí àwọn baba wa fi mú ìrókò kò ní béèrè pé kí ló dé. Èèwọ̀ yẹn sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbòǹgbò mugumo ń wọlẹ̀ jìnnà, ó ń la àpáta kọjá lọ síbi tí omi wà, ó sì ń di ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ orí òkè mú kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Lẹ́yìn tí Maathai ti Amẹ́ríkà dé lọ́dún 1966, ó wá rí i pé ẹni tó gba ilẹ̀ náà ti gé igi ọ̀hún kó lè ráyè gbin tíì. Ìsun omi náà ti gbẹ.

Onílẹ̀ yẹn kò dá nìkan ṣe é. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilẹ̀ olókè Kẹ́ńyà, tó tutù tó sì lọ́ràá, ni wọ́n ti ń gé igbó àbáláyé láti fi tíì àti kọfí rọ́pò rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ igi pákó, páìnì àti yúkálíptọ́ọ̀sì tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ni wọ́n gbìn. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní shamba: àgbẹ̀ yóò dáko sínú igbó ìjọba fún ọdún díẹ̀, yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ igi ìjọba láàárín àgbàdo àti ẹ̀wà rẹ̀, bí igi bá sì ti ga tó láti ṣíji bo oko, àgbẹ̀ á kó kúrò. Àgbẹ̀ ló ṣe wàhálà, ìjọba ló ni igi. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n mú wọ ilẹ̀ wa lábẹ́ orúkọ taungya, àwọn tó ń dáko nínú igbó ìjọba ní Oǹdó àti Ògùn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igi gmelina láti ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n gbìn lọ súà kí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin lè rí igi lò.

Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ amúnisìn náà, ẹnì kan wà tó rí i pé àṣẹ nìkan kò lè dá igbó padà. Richard St. Barbe Baker ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí àwọn Kikuyu máa gbin igi. Wọ́n dá a lóhùn pé iṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Baker kò bá wọn jiyàn. Ó ti ṣàkíyèsí pé wọ́n ní ijó fún ìgbà ọ̀gbìn àti fún ìgbà ìkórè, ó wá dá a lábàá pé kí ijó igi náà wà. Lọ́jọ́ 22 oṣù keje ọdún 1922, òun àti Olóyè Josiah Njonjo pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ sí Muguga, nítòsí Nairobi. Wọ́n jó, wọ́n sì búra pé àwọn yóò máa gbin igi, àwọn yóò sì máa dáàbò bò ó. Bí ẹgbẹ́ Men of the Trees ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì tàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibòmíràn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n gbé Baker wá sí Nàìjíríà, níbi tó ti ṣiṣẹ́ nínú igbó Sapoba, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n pè láti búra lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ru igi ìdáná, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n sì ń dá oko oúnjẹ kọ́ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ó gbà tó ọdún márùndínlọ́gọ́ta kí ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1960 ni Maathai bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kẹ́ńyà lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní ìlú Atchison, ní Kansas, ó gba oyè kejì ní Pittsburgh, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Nairobi lọ́dún 1971, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìlà-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ara ẹranko ló ń kọ́ni ní yunifásítì. Ìwádìí nípa eégbọn ara màlúù ló gbé e dé àwọn abúlé, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tó ju eégbọn lọ. Màlúù ti rù kan eegun nítorí pé koríko kò tó. Odò tó mọ́ gaara nígbà èwe rẹ̀ ti pọ́n pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tí òjò ń gbá wọ inú rẹ̀ láti orí òkè tí kò ní igi mọ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, nínú Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Àwọn Obìnrin Kẹ́ńyà, ó gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn ìyá tó wá láti ìgbèríko. Igi ìdáná ti jìnnà. Omi tó mọ́ ti ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin oúnjẹ ti di ilẹ̀ kọfí àti tíì. Ẹ̀wà kì í tètè jinná, ìyá tí kò bá rí igi kò lè sè é. Búrẹ́dì àti tíì onísúgà ni yóò fún àwọn ọmọ, ara àwọn ọmọ náà sì ń joro. Àìsàn, ebi, òùngbẹ àti àárẹ̀ tí wọ́n ń sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti sun wá. Ohun tó sọ sí Maathai lọ́kàn kò lọ́jú pọ̀: kí àwọn obìnrin náà gbin igi.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó dá sílẹ̀, Envirocare, tí ó fẹ́ fi wá iṣẹ́ fún àwọn tálákà, kó ọmọ igi jọ sínú igbó Karura ní Nairobi. Owó kò tó, ọ̀dá sì mú. Nígbà tó fi lọ sípàdé Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Vancouver lọ́dún 1976 tó sì padà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ igi náà ló ti kú.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1977, tí í ṣe Àyájọ́ Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé, ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin náà wọ́ lọ sí ọgbà Kamukunji ní Nairobi, wọ́n sì gbin igi méje ní ìrántí aṣáájú méje láti inú àwọn ẹ̀yà Kẹ́ńyà. Méjì péré ló yè nínú méje. Ọgbà ìlú ni Kamukunji, ẹsẹ̀ gbogbo ayé ló ń kọjá níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan pàtó tí igi náà jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni àwọn obìnrin láti abúlé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ igi. Ẹgbẹ̀rún kan igi, ó kéré tán, ni wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tò sí ìlà gbọọrọ láti fi di ilẹ̀ lámùrè, bí orúkọ Green Belt Movement ṣe jẹ yọ nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń bójú tó igbó ìjọba kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Maathai sọ fún un pé iye igi tí àwọn fẹ́ gbìn tó iye ènìyàn tó wà ní Kẹ́ńyà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15. Ó ní kí wọ́n máa kó ọmọ igi lọ́fẹ̀ẹ́. Kò pé ọdún kan tó fi ní kí wọ́n máa sanwó, torí ohun tí wọ́n ń kó ti kọjá bó ṣe rò. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó tí wọ́n rán wá kọ́ àwọn obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ nípa bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó àti irú irinṣẹ́ tí kò sí lábúlé. Maathai sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n lo làákàyè tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo àti ẹ̀wà láti ìgbà ìyá wọn. Wọ́n wọ igbó, wọ́n ṣa èso igi ìbílẹ̀, wọ́n gbìn ín sínú ìkòkò fífọ́ àti agolo, wọ́n gbé e sókè kí ewúrẹ́ àti adìyẹ má baà dé ibẹ̀. Obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n ló ń kọ́ ẹlòmíràn. Láàárín ọdún díẹ̀, nọ́sìrì àwọn obìnrin tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ti ń pèsè ọmọ igi fún gbogbo agbègbè.

Bí wọ́n bá ní kí òpìtàn mú ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yìí tó yẹ kí gbogbo ìjọba Áfíríkà gbé yẹ̀ wò, ìlànà ìsanwó rẹ̀ ni. Owó náà kéré, nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́rin Amẹ́ríkà lórí igi kan. Wọn kì í san án lọ́jọ́ ọ̀gbìn. Wọ́n á dúró di oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ á yí oko ká, á ka èyí tó yè, èyí tó yè nìkan ni obìnrin náà yóò gbowó rẹ̀. Ìlànà kékeré yìí ló yí ọgbọ́n iṣẹ́ náà padà. Obìnrin tó mọ̀ pé igi tó kú kò mú owó wá yóò bomi rin ín, yóò ṣọgbà yí i ká, yóò sì yan irú igi tí ilẹ̀ rẹ̀ lè gbà. Nígbà tí owó náà bá tán, igi ti wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀: oúnjẹ ẹran, èso, igi ìdáná tí kò ní í rìn jìnnà wá mọ́. Lọ́dún 1981, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ fún ẹgbẹ́ náà ní dọ́là 122,700, ẹgbẹ́ àwọn onígbó Norway náà sì dìde sí ìrànlọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tó ń gbára lé owó àpò Maathai wá gbèrú dé ọ̀pọ̀ agbègbè Kẹ́ńyà, nígbà tó sì di ọdún 1986, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ti ń wá kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àlàáfíà ti wọ̀ ọ́ nìyí. Àwọn tó bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìdí tí odò fi gbẹ yóò béèrè ẹni tó gé igi ìsun rẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í sì í tẹ́ ìjọba lọ́rùn. Òfin kan tó kù láti ìgbà amúnisìn ní ènìyàn tó bá ju mẹ́sàn-án lọ kò gbọdọ̀ péjọ láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n fi òfin náà tú ìpàdé àwọn obìnrin tó wá pín ọmọ igi ká. Lọ́dún 1989, ìjọba Ààrẹ Daniel arap Moi fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sí ọgbà Uhuru, àárín Nairobi, níbi tí ẹni tí kò ní ọgbà nílé ti ń mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gba atẹ́gùn. Ère Ààrẹ náà yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Maathai kọ lẹ́tà sí ìjọba, ó kọ sí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè, ó kọ sí àwọn ìwé ìròyìn. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n bú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àkójọ àwọn obìnrin tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀ ni. Ìjọba lé wọn kúrò ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó gbogbo iṣẹ́ wá sínú ilé Maathai. Síbẹ̀, àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè fà sẹ́yìn, wọn kò sì kọ́ ilé náà.

Karura le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó náà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà, ó wà ní ìhà àríwá Nairobi, ìlú sì ti yí i ká. Lọ́dún 1998 ni àṣírí tú pé wọ́n ti pín in fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Maathai àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lọ gbin igi síbi tí wọ́n ti gé e. Lọ́jọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn tí wọ́n gbà láti ṣọ́ ibẹ̀ fi kùmọ̀ àti pàṣán lé wọn, wọ́n sì fọ́ Maathai lórí. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó fi ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sígboro. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Moi fòfin de pínpín ilẹ̀ ìjọba fún àwọn aládàáni. Karura ṣì wà títí di òní, àwọn ará Nairobi ń rìn nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aládùúgbò sì ń bójú tó o pẹ̀lú àjọ igbó ìjọba.

Nínú ìdìbò ìparí ọdún 2002, àwọn ará ẹkùn ìdìbò Tetu fi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò wọn gbé Maathai wọ ilé aṣòfin, ó sì di igbákejì mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel fi dé, igi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbìn ti tó mílíọ̀nù 30.

Ayé ti yíjú sí ọ̀rọ̀ igi nígbà yẹn. Ohun tí àwọn ìyá Kẹ́ńyà gbìn nítorí omi àti igi ìdáná ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wò nítorí àyípadà ojú ọjọ́. Igi ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná sínú ara rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ẹ̀ka, ìtí àti gbòǹgbò. Bí wọ́n bá sun igbó, afẹ́fẹ́ náà á padà sójú ọ̀run. Lọ́dún 2006, Báńkì Àgbáyé bá Green Belt Movement fọwọ́ sí àdéhùn láti dá igbó padà sórí 2,000 hẹ́kítà ní àwọn òkè Aberdare àti Òkè Kẹ́ńyà, kí wọ́n sì sanwó fún kábọ́ọ̀nù tí igi náà bá fà. Ibi tí wọ́n yàn dára gan-an: láti orí òkè wọ̀nyí ni omi tí Nairobi ń mu ti ń wá, ibẹ̀ náà ni odò Tana tó ń fún Kẹ́ńyà ní iná mànàmáná ti ń gba omi.

Lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ àyíká Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè pe gbogbo ayé sí gbígbin bílíọ̀nù igi kan, Maathai sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2011, iye tí wọ́n kéde ti ju bílíọ̀nù 12 lọ. Lẹ́yìn náà ni Etiópíà kéde pé àwọn gbin igi tó ju mílíọ̀nù 350 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù keje ọdún 2019. Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ ti pinnu láti gbin bílíọ̀nù 15 kó tó di ọdún 2032, ó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi lọ́jọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 kí wọ́n lè jáde lọ gbin igi. Ìtara yìí wúlò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù rẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbìn ni wọ́n ń kà nínú gbogbo iye wọ̀nyí. Ọmọ igi tó gbẹ lọ́sẹ̀ kẹta kò fa kábọ́ọ̀nù kankan, kò di ilẹ̀ mú, kò ṣe ìbòòji fún ẹnikẹ́ni, obìnrin Nyeri tó ń retí sẹ́ǹtì mẹ́rin rẹ̀ kì bá tí jẹ́ kó gbẹ.

Maathai kú lọ́jọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gé igi nítorí pósí òun. Ọparun, ewéko orí omi àti koríko papírọ́ọ̀sì ni wọ́n fi hun èyí tí wọ́n gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ igi kò mọ sí Kẹ́ńyà nìkan. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ètò tí etí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ jù ni Great Green Wall, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tẹ́wọ́ gbà lọ́dún 2007 lẹ́yìn tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti gbé e dìde. Baker ti dá irú rẹ̀ lábàá ní nǹkan bí ọdún 1952 nígbà tó rin Sàhárà já. Odi igi tí gígùn rẹ̀ tó 8,000 kìlómítà ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí, láti Senegal dé Djibouti, kí aṣálẹ̀ má baà máa sún wá sí gúúsù. Ìpínlẹ̀ 11 ní àríwá ló wà nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti Kebbi àti Sokoto dé Borno àti Adamawa. Lọ́dún 2021, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, báńkì náà ṣèlérí láti bá ètò yìí wá bílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ dọ́là. Díẹ̀díẹ̀ ni èrò odi gbọọrọ náà ń yí padà di ti oko àti abúlé, nítorí ohun tí àwọn àgbẹ̀ Niger ti ṣe láìsí ariwo.

Ní agbègbè Maradi, kò jìnnà sí Katsina, ni Tony Rinaudo, míṣọ́nárì kan láti Ọsirélíà, ti gbin igi títí ó fi rẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Lọ́dún 1983 ló wo àwọn igbó kéékèèké tó fọ́n ká inú oko dáadáa, ó sì rí i pé kùkùté igi ìgbàanì ló ń rú. Gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ kò nílò nọ́sìrì: kó yan èéhù díẹ̀ tó dára lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, kó gé ìyókù, kó má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Igi gao wúlò jù fún wọn, torí ó máa ń wọ́wé lásìkò òjò nígbà tí ọkà ń dàgbà, ewé rẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Lónìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ilẹ̀ oko ni igi ti padà sí ní Niger lọ́nà yìí, wọ́n sì fojú bù ú pé igi náà tó mílíọ̀nù 200.

Kó tó di pé èyí ṣẹlẹ̀, òfin tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ sọ gbogbo igi di ti ìjọba. Àgbẹ̀ tó bá gé ẹ̀ka igi oko rẹ̀ lè san owó ìtanràn, nítorí náà ó máa ń tètè fa èéhù tu kó tó di igi tí yóò dá wàhálà sí i lọ́rùn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó rọ ọwọ́ òfin náà, tí àgbẹ̀ sì rí i pé òun lè gé ẹ̀ka, òun lè tà á, kò sì sí ẹni tí yóò mú òun, ìgbà yẹn ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà láti oko sí oko. Ó di oṣù keje ọdún 2020 kí ìjọba Niger tó kọ ọ́ sínú àṣẹ ààrẹ, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ tí àgbẹ̀ ní lórí igi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nínú oko.